Kí Ọjà Tó Tà, Ẹ Kọ́kọ́ Tún Ara Yín Ṣe: Ìtọ́sọ́nà fún Àwọn Aláṣọ

Ìbéèrè kan làwọn tó ń ta aṣọ máa ń bi mí lemọ́lemọ́: "Ọjà kan náà lèmi àti ẹni tó wà ní ìsọ̀ kejì jọ ń tà. Ibì kan náà la ti ń rà á. Kí ló dé tí tirẹ̀ ń tà, tí tèmi ń wò mí lójú?" Kí ẹni náà tó béèrè, á ti gbàdúrà sí i, á ti fura sí ọ̀tá, á sì ti ní ìlú ló le. Lóòótọ́, ìlú le. Ṣùgbọ́n ìlú kan náà ló le fún ẹni tó wà ní ìsọ̀ kejì.

Ìdáhùn mi kì í yí padà. Kí ẹ tó kó ẹrù mìíràn, kí ẹ tó yáwó, ẹ kọ́kọ́ wádìí ibi tí oníbàárà ti ń bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, aṣọ kọ́ ló lé e lọ. Ìbéèrè tí ẹ ò lè dáhùn, ojú tí ẹ fà ro, àdéhùn tí ẹ ò mú ṣẹ, àwọn nǹkan bẹ́ẹ̀ ló lé e lọ, gbogbo wọn ló sì ṣeé tún ṣe. Yálà Gbági n'Ìbàdàn lẹ wà, tàbí Balógun l'Ékòó, tàbí Ìtòkú l'Abẹ́òkúta, tàbí inú yàrá yín lẹ ti ń tà lórí fóònù, ọ̀nà kan náà ni. Ẹni tó ń ta bàtà tàbí ohun ìpara náà lè tẹ̀ lé e, kó sáà fi ọjà tirẹ̀ rọ́pò ohun tí mo sọ nípa aṣọ ní Ìgbésẹ̀ 3.

Ohun tí ẹ máa nílò

- Ìwé kékeré kan tó ṣeé kì bọ àpò, pẹ̀lú bírò tí ẹ fi okùn so mọ́ ọn.
- Ìwé ńlá kan fún ọ̀rọ̀ owó.
- Fóònù tó lè gba ohùn sílẹ̀.
- Ẹnì kan tó lè sọ òótọ́ fún yín láìbẹ̀rù: àbúrò, ọmọ tó ti dàgbà, tàbí ẹni tẹ́ ẹ jọ wà lọ́jà.
- Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Kò gbọdọ̀ dín.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ máa kọ àwọn tí kò rà sílẹ̀

Kò sí aláṣọ tí kò mọ iye tó tà lóòjọ́. Ta ló mọ iye ẹni tó dúró, tó fọwọ́ kan aṣọ, tó ní "Mò ń bọ̀," tí kò sì padà wá mọ́? Àwọn yẹn gan-an ni ìwé kékeré yìí wà fún, ìgbésẹ̀ yìí ló sì ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ. Ẹni tó bá fò ó, ìméfò ni yóò máa fi ìyókù ṣe.

1. Bí oníbàárà bá ṣe ń lọ láìrà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí ẹ tó jókòó. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, ẹ ti gbàgbé.
2. Nǹkan mẹ́ta péré ni kẹ́ ẹ kọ: ohun tó béèrè, ọ̀rọ̀ tó sọ gbẹ̀yìn, àti ohun tí ẹ̀yin fúnra yín ń ṣe nígbà tó dé.
3. Ẹ má kọ èrò yín nípa rẹ̀. "Ahun ni" kò wúlò. "Kò lówó lọ́wọ́" kò wúlò, torí ẹ ò rí inú àpò rẹ̀.
4. Ẹ ṣe é fún odindi ọ̀sẹ̀ kan kí ẹ tó jókòó kà á. Ẹ má tíì yí nǹkan kan padà lọ́sẹ̀ yẹn.

Bí ojú ìwé náà ṣe máa rí nìyí:

- Léèsì funfun. "Ṣé kò ní pọ́n tó bá yá?" Mi ò mọ̀. Ó lọ.
- Ankara, yáàdì mẹ́fà. "Ẹ ṣeun." Fóònù ni mò ń wò nígbà tó dé, mi ò dìde.
- Àdìrẹ fún aṣọ ẹbí, ogún èèyàn. "Màá pè yín." Mi ò gba nọ́ńbà rẹ̀.
- Ankara. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ìjà ni?" Mo ti ń ronú owó iná láti àárọ̀.

Ẹ wo ìkẹta yẹn dáadáa. Bí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá gba yáàdì márùn-ún, ọgọ́rùn-ún yáàdì ló rìn jáde yẹn, nítorí nọ́ńbà tí ẹnikẹ́ni ò béèrè. Kò sí ẹni tí irú rẹ̀ kò lè ṣẹlẹ̀ sí. Àmọ́ ẹni tí kò kọ ọ́ sílẹ̀ kò ní mọ̀ pé ó ṣẹlẹ̀, ọ̀la ló tún máa ṣe é.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ mú ẹyọ kan

Bí ọ̀sẹ̀ bá parí, ẹ ka ìwé náà, kí ẹ sì fi àmì kan náà sí ara àwọn tó bá jọra. Èyí tó bá pọ̀ jù ni kẹ́ ẹ mú:

- Bí "mi ò mọ̀" ló pọ̀ jù, ìmọ̀ ọjà lẹ nílò. Ẹ lọ sí Ìgbésẹ̀ 3.
- Bí wọ́n bá ń lọ kí ọ̀rọ̀ tó wọ̀, ìkíni àti etí ni. Ìgbésẹ̀ 4.
- Bó bá jẹ́ orí iye owó lẹ ti ń pínyà, ìkóra-ẹni-níjàánu ni. Ìgbésẹ̀ 5.
- Bí "màá pè yín" ló kún ibẹ̀, àdéhùn àti ìtọpinpin ni. Ìgbésẹ̀ 6.
- Bí ọjà bá ń tà àmọ́ tí owó kò dúró, ẹ lọ sí Ìgbésẹ̀ 7.

Ẹyọ kan ṣoṣo, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó kù. Ẹni tó bá gbé márààrún lẹ́ẹ̀kan náà, kò ní pẹ́ tó fi máa sọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, á sì ní nǹkan wọ̀nyí kì í ṣiṣẹ́.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ mọ aṣọ tí ẹ ń tà

Oníbàárà tó bá béèrè ìbéèrè méjì tí ẹ ò mọ ìkankan kò ní gbà yín gbọ́ lórí iye owó. Ìmọ̀ ló ń fi ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ wo ìwé kékeré yín, ẹ to gbogbo ìbéèrè tí ẹ ò lè dáhùn jọ, kí ẹ sì máa wá ìdáhùn wọn lọ́wọ́ ẹni tí ẹ ti ń rajà, lọ́wọ́ télọ̀, lọ́wọ́ ara aṣọ fúnra rẹ̀.

*Ṣé òwú ni àbí ike?*

1. Ẹ fa fọ́nrán òwú méjì mẹ́ta yọ létí aṣọ.
2. Ẹ fi ohun ìfàrunyọ irin mú un, kí ẹ ràn án lórí abọ́ tí omi wà nínú rẹ̀.
3. Bó bá jó geerege, tó ń rùn bíi bébà tó jóná, tí eérú rẹ̀ sì kúnná, òwú ni lọ́pọ̀ ìgbà.
4. Bó bá súnkì, tó yọ́, tó wá di kókó líle dúdú, pọliésítà ni, ìyẹn aṣọ oníke. Bí ẹ bá rí méjèèjì, wọ́n pò ó pọ̀ ni.

Ìkìlọ̀: ilé ni kẹ́ ẹ ti ṣe é. Ẹ ò gbọdọ̀ ṣáná sí nǹkan kan nínú ìsọ̀ tàbí nítòsí rẹ̀. Gbogbo wa la mọ ohun tí iná ń ṣe lọ́jà aṣọ.

*Ṣé àwọ̀ rẹ̀ kò ní jáde?* Ẹ rin áńkáṣífù funfun, ẹ fi nu ẹ̀yìn aṣọ náà dáadáa. Bí aró bá yọ sí i lára, ẹ sọ fún oníbàárà kó tó sanwó: "Ẹ fi omi tútù fọ̀ ọ́ lọ́tọ̀ ní ìgbà méjì mẹ́ta àkọ́kọ́ mà." Àdìrẹ ìbílẹ̀ lè ṣe bẹ́ẹ̀, kì í ṣe àbùkù. Kí oníbàárà bá a nílé láìjẹ́ pé ẹ kọ́kọ́ sọ fún un, àbùkù nìyẹn.

*Ṣé ó pé?* Ínǹṣì 36 ni yáàdì kan, yáàdì mẹ́fà jẹ́ bíi mítà márùn-ún ààbọ̀. Ẹ máa wọn ẹrù tí ẹ bá rà, torí èyí tí kò pé wà nínú wọn. Ẹ sì bi télọ̀ méjì ní iye yáàdì tí ìró àti bùbá ń gbà fún ẹni tín-ín-rín àti ẹni tó sanra, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ má pe pọliésítà ní òwú láé. Oníbàárà tó bá wọ̀ ọ́ nínú oòrùn ọjọ́ kan péré ti mọ òótọ́, òfin Nàìjíríà ti ọdún 2018 tó ń dáàbò bo oníbàárà náà lòdì sí kí èèyàn parọ́ nípa ohun tó ń tà.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹnu àti etí

1. Ẹ dìde. Ẹ gbé fóònù sílẹ̀. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kí i, pàápàá bó bá jù yín lọ.
2. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Kí lẹ fẹ́?" Ẹ bèèrè ohun tó fẹ́ fi aṣọ ṣe.
3. Lẹ́yìn ìbéèrè yín, ẹ dákẹ́. Ibí ló ti ń nira fún ọ̀pọ̀ wa, torí a rò pé ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ló ń tajà.
4. Aṣọ méjì, ó pọ̀ tán mẹ́ta, ni kẹ́ ẹ nà sílẹ̀. Ẹni tí ẹ bá kó mẹ́wàá síwájú ẹ̀, orí á dà á rú, á ní òun ń bọ̀.

Ẹ gbọ́ bí èyí ṣe lọ:

— Ẹ kú ọjà o.
— Ẹ káàbọ̀ mà, ẹ kú ìrìn. Ṣé òde la fẹ́ fi lọ ni, àbí ti wíwọ̀ ojoojúmọ́?
— Ìgbéyàwó àbúrò mi ni.
— Ẹ kú ìnáwó mà. Ẹ̀yìn ìyàwó ò ní mẹní. Ṣé wọ́n ti mú àwọ̀?
— Wọ́n ní búlúù, àmọ́ mi ò fẹ́ èyí tó ń dán jù.

Ìbéèrè méjì péré, ẹ ti mọ òde, ẹ ti mọ àwọ̀, ẹ sì ti mọ ohun tí ẹ kò gbọdọ̀ nà sílẹ̀. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Léèsì tuntun dé o, ẹ wò ó bó ṣe ń dán" ti pàdánù oníbàárà yìí kó tó mọ̀.

Bí ẹ ṣe máa fi dánra wò: lálẹ́, kí ẹni tó ń sọ òótọ́ fún yín ṣe bí oníbàárà, kí fóònù máa gba ohùn yín sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ gbọ́ ọ. Ta ló sọ̀rọ̀ jù? Ìgbà mélòó lẹ já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀? Ohùn ara ẹni kì í dùn ún gbọ́, ẹ fara dà á. Ẹ má gba ohùn oníbàárà gidi sílẹ̀ láìtọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ ká ìbínú kò nígbà tí wọ́n bá ń ná ọjà

Ọ̀pọ̀ ìbínú inú ọjà, ìbẹ̀rù ló bí i. Ẹni tí kò mọ iye tó lè gbà jálẹ̀, gbogbo iye tí oníbàárà bá dá á máa dà bí èébú létí rẹ̀. Nítorí náà, ìṣirò ló kọ́kọ́ ń wo ìbínú yìí sàn.

Ká sọ pé ₦9,000 lẹ ra aṣọ kan. Owó ọkọ̀ àti alábàárù lórí rẹ̀ jẹ́ ₦300. Ìpín tirẹ̀ nínú owó ìsọ̀, iná àti ilẹ̀ gbígbá jẹ́ ₦400. Aṣọ náà ti di ₦9,700. Ẹni tó bá tà á ní ₦9,500, tó ń dúpẹ́ pé òun jèrè ₦500, ₦200 ló sọnù lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ ṣe ìṣirò yìí fún gbogbo aṣọ kí ẹ tó pàtẹ, kí ẹ sì kọ iye tí ẹ lè gbà jálẹ̀ sínú ìwé ńlá. Iye tí ẹ bá fẹ́ tà á gan-an, ẹ kọ ọ́ mọ́ aṣọ lára kí oníbàárà rí i. Òfin 2018 yẹn náà fẹ́ kí iye ọjà hàn, ó sì máa ń dín àríyànjiyàn kù.

Bí wọ́n bá wá dá iye tó kéré jù:

- Ohùn tí ẹ fi kí i náà ni kẹ́ ẹ fi dá a lóhùn: "Kò gbà mà, ẹ fi kún un."
- Bí ara yín bá ń gbóná, ẹ mú aṣọ kan, ẹ ká a dáadáa kí ẹ tó fèsì. Ọwọ́ tó ń ṣiṣẹ́ máa ń dá ẹnu dúró.
- Dípò kí ẹ tún dín owó, ẹ fi èènì sí i: gèlè kékeré, tàbí ẹ bá a gbé e lọ sọ́dọ̀ télọ̀ rẹ̀.
- Bó bá ń lọ: "Ẹ ṣeun mà. Bí ẹ bá yí ọjà ká tán, ibí la wà." Ẹni tí ẹ fi ọ̀wọ̀ sìn síta lè padà wá. Ẹni tí ẹ fi èébú lé jáde, á tún sọ fún àwọn ẹlòmíràn.

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí kò gbọdọ̀ jáde lẹ́nu yín: "Ẹ lọ rà á níbi tí wọ́n ti ń tà á bẹ́ẹ̀." "Ṣé ẹ lówó lọ́wọ́ ni?" "Ẹ má wá ba ọjà mi jẹ́ láàárọ̀ kùtù." Ọ̀rọ̀ rere ní ń yọ obì lápò, àwọn àgbà ti sọ bẹ́ẹ̀, mo sì ti rí i kó ṣẹ lójú ìsọ̀.

Ẹ tún jẹun kí ẹ tó jáde nílé. Ebi máa ń jẹ́ kéèyàn kanra, ọ̀pọ̀ yín ló sì ń fi omi tútù nìkan dé ọ̀sán. Lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ ilé bá ti wọ̀ yín lára, ẹ bẹ ẹni tẹ́ ẹ jọ wà lọ́jà kó bá yín dá oníbàárà àkọ́kọ́ lóhùn.

Ìgbésẹ̀ 6: Ẹ mú àdéhùn ṣẹ, ẹ sì tọpinpin

1. Ẹ gba nọ́ńbà pẹ̀lú ìdí: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé kí n fi àwòrán àwọn àwọ̀ yòókù ránṣẹ́ sí yín?" Bó bá ní rárá, ó tán.
2. Ẹ kọ ọ́ síwájú rẹ̀: orúkọ, aṣọ, ọjọ́ òde.
3. Ẹ fi àyè sílẹ̀ nínú ìlérí yín. Bí ẹrù bá ń bọ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Ọjọ́bọ̀ ni kẹ́ ẹ dá fún un.
4. Bí ìdádúró bá wà, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ pè. Ẹ má dúró dìgbà tó bá fi ìbínú pè yín.
5. Ẹ ránni létí lẹ́ẹ̀mejì péré. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fi í sílẹ̀.

Ẹ má fi nọ́ńbà oníbàárà fún ẹlòmíràn tó ń tajà. Láti ọdún 2023 ni Nàìjíríà ti ní òfin tó ń dáàbò bo irú ìsọfúnni bẹ́ẹ̀, ká tiẹ̀ ní kò sí, ọ̀dàlẹ̀ ni.

WhatsApp Business, ìyẹn WhatsApp tí wọ́n ṣe fún àwọn oníṣòwò, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ fi àmì sí ara àwọn tó ní "màá pè yín" kí wọ́n má bàa sọnù láàárín àwọn yòókù. Ìkéde tí ẹ bá fi "broadcast list" ránṣẹ́ sí ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn tó fi nọ́ńbà yín pamọ́ sórí fóònù wọn nìkan ló máa ń dé ọ̀dọ̀ wọn. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń rò pé àwọn oníbàárà ń fojú pa wọ́n rẹ́. Ẹ bẹ oníbàárà kó fi nọ́ńbà yín pamọ́ lójú yín. Ẹ ya àwòrán aṣọ nínú ìmọ́lẹ̀ ojúmọmọ, ẹ má fi nǹkan kan kun un, torí àwọ̀ tó yàtọ̀ ló ń fa "ẹ gbà á padà." Bí wọ́n bá sì fi owó ránṣẹ́, inú àkáǹtì yín ni kẹ́ ẹ wò. Àtẹ̀jíṣẹ́ lè jẹ́ ayédèrú.

Ìgbésẹ̀ 7: Owó ọjà kì í ṣe owó yín

- Ẹ dá owó oṣù fún ara yín, bó ti wù kó kéré, kí ẹ má sì mú nǹkan mìíràn nínú àpótí ọjà.
- Inú owó oṣù yẹn ni kẹ́ ẹ ti san àjọ àti aṣọ ẹbí.
- Bí wọ́n bá béèrè àwìn: "Àwìn ò sí mà, àmọ́ ẹ lè máa san án díẹ̀díẹ̀, màá bá yín yà á sọ́tọ̀." Ẹ kọ iye tó san síwájú rẹ̀. Ẹ ò bá a jà, ẹ ò sì fún un láṣọ tí ẹ máa fi oṣù mẹ́ta sin owó rẹ̀.

Àṣìṣe tí mo ń rí jù

*Sísan owó ńlá fún ìpàdé ìwúrí.* Inú á dùn lọ́jọ́ náà, àwọn tó wà níbẹ̀ á pàtẹ́wọ́, ọjọ́ Ajé á dé, ẹni tó wá sí ìsọ̀ yín á ṣì bá yín lórí fóònù. Ẹni tó bá ṣèlérí pé ọjà yín á di ìlọ́po méjì láàárín oṣù kan, ẹ má san kọ́bọ̀ fún un.

*Ṣíṣe ohùn ẹlòmíràn.* Bí ẹ kì í bá ṣe aláriwo, ẹ má wá di aláriwo. Àwọn aláṣọ jẹ́jẹ́ wà tí wọ́n ń tà ju ẹni tó ń kọrin lọ.

*Fífi ọ̀yàyà pamọ́ fún onímọ́tò.* Ìyá tó wọ sálúbàtà rọ́bà lè jẹ́ olórí ẹgbẹ́ tó fẹ́ yan aṣọ fún ọgọ́ta obìnrin.

*Dídi ẹ̀bi ru ọmọ tó ń bá yín tajà,* nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀yin ló ń wò ṣe.

Bí ọ̀rọ̀ tiyín bá yàtọ̀

- *Ẹ ò lè kọ̀wé:* ẹ sọ ọ́ sínú fóònù lẹ́yìn tí oníbàárà bá ti lọ. Tàbí kẹ́ ẹ ní ike mẹ́ta, ọ̀kan fún "mi ò mọ̀," ọ̀kan fún "owó," ọ̀kan fún "màá padà wá," kẹ́ ẹ máa ju hóró àgbàdo kan sí èyí tó bá yẹ.
- *Ẹ ń bá ọ̀gá tajà:* ẹ ò lè yí iye owó padà, àmọ́ Ìgbésẹ̀ 1, 3 àti 4 wà lọ́wọ́ yín. Ẹ fi ìwé náà han ọ̀gá yín ní ìparí oṣù.
- *Orí fóònù nìkan lẹ ti ń tà:* ẹ kọ àwọn tó bèèrè iye tí wọn ò fèsì mọ́, àti bó ti pẹ́ tó kí ẹ tó dá wọn lóhùn.
- *Ojú ń tì yín:* bí ọ̀sẹ̀ ìwé kíkọ bá parí, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìkíni nìkan fún ọ̀sẹ̀ kan.

Ẹ sì kíyè sí i: ìgbà mìíràn wà tí kì í ṣe ẹ̀yin. Bí ìwé yín bá fi hàn pé ohun tí ẹ kò ní ni wọ́n ń béèrè lọ́jọ́ gbogbo, tàbí pé iye tí ẹ ń rà á ga ju ti àwọn yòókù lọ, ẹ má jókòó máa tún ìwà ṣe. Ẹ pààrọ̀ ọjà, tàbí kí ẹ wá ibòmíràn tí ẹ ó ti máa rà á.

Ìparí ọ̀sẹ̀ kẹrin

Ẹ ṣí ojú ìwé ọ̀sẹ̀ kìíní àti ti ọ̀sẹ̀ kẹrin sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ẹ ka iye ìgbà tí ìṣòro tí ẹ mú yẹn fara hàn nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bó bá ti dín sí ìdajì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ mú èyí tó tẹ̀ lé e ní Ìgbésẹ̀ 2, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀ mẹ́rin mìíràn. Bí kò bá tíì dín, ẹ má kúrò lórí rẹ̀. Ẹ fi ọ̀sẹ̀ méjì kún un, kí ẹ fún ẹni tó ń sọ òótọ́ fún yín ní ìwé náà kó kà á, kí ẹ sì jẹ́ kó jókòó sí ìsọ̀ pẹ̀lú yín fún odindi ọjọ́ kan.